Mödlareuth: Abúlé Àgbẹ̀ Tí Ààlà Là sí Méjì ní Ilẹ̀ Jámánì

Ìfáárà

Ìtàn ìlú ńláńlá ni ọ̀pọ̀ òpìtàn máa ń kọ. Bí a bá sọ̀rọ̀ nípa ògiri tí ó pín ilẹ̀ Jámánì sí méjì láyé àtijọ́, Berlin ni ó máa ń kọ́kọ́ sọ sí ọkàn ẹni tí ó gbọ́. Ṣùgbọ́n abúlé kan wà tí ó jẹ irú ìyà kan náà, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé àwọn tí ń gbé inú rẹ̀ kò ju nǹkan bí àádọ́ta ènìyàn lọ. Mödlareuth ni orúkọ rẹ̀. Berlin Kékeré ni àwọn ọmọ ogun Amẹ́ríkà tí ń ṣọ́ ààlà náà ń pè é.

Ohun tí a fẹ́ fi hàn nínú àpilẹ̀kọ yìí ni pé kì í ṣe odò, kì í sì í ṣe òkúta ààlà, ni ó ya àwọn ará abúlé yìí nípa. Ààlà tí ó ti wà fún ohun tí ó lé ní ọgọ́rùn-ún ọdún láìṣe ẹnikẹ́ni ní ibi ni àṣẹ àwọn aláṣẹ tí wọ́n wà lókèèrè wá sọ di ẹ̀wọ̀n.

Ibi Tí Abúlé Náà Wà

Mödlareuth wà ní ibi tí ìpínlẹ̀ Bavaria àti ìpínlẹ̀ Thuringia ti pàdé, kò sì jìnnà sí ìlú Hof. Agbègbè oko ni, tí ilẹ̀ rẹ̀ jẹ́ gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ òkè kéékèèkéé. Odò kan tí wọ́n ń pè ní Tannbach ṣàn gba àárín abúlé náà kọjá. A kàn ń pè é ní odò ni. Ó kéré tó bẹ́ẹ̀ tí àgbàlagbà fi lè dá a kọjá ní ìṣísẹ̀ kan ní ibi púpọ̀. Síbẹ̀, òun ni ààlà. Àwọn ilé tí ó wà ní apá kan jẹ́ ti Bavaria, lábẹ́ ìjọba ìbílẹ̀ Töpen. Àwọn tí ó wà ní apá kejì jẹ́ ti Thuringia, lábẹ́ ìlú Gefell.

Òkúta Ààlà Ọdún 1810

Ní ọdún 1810, nígbà tí Bavaria gba ilẹ̀ Bayreuth, wọ́n ri òkúta ààlà mọ́ ẹ̀bá odò Tannbach. Lẹ́tà KB tí wọ́n gbẹ́ sí ojú kan dúró fún Ìjọba Ọba Bavaria; FR tí ó wà ní ojú kejì dúró fún ilẹ̀ ìdílé aládé Reuss. Àwọn òkúta náà ṣì wà níbẹ̀ títí di òní, wọ́n sì jẹ́ ọ̀kan nínú ohun àmì tí àlejò máa ń lọ wò.

Kí ni ààlà yìí já mọ́ fún àwọn àgbẹ̀ nígbà náà? Kò ju ọ̀rọ̀ ẹni tí wọn yóò san owó orí fún lọ. Ilé ẹ̀kọ́ wà ní apá Thuringia, níbẹ̀ náà sì ni ilé ọtí wà. Nítorí náà àwọn ọmọ Bavaria ń sọdá lọ kàwé, àwọn bàbá wọn ń sọdá lọ mu bíà. Bí ó bá di ọjọ́ ìsinmi, àwọn ará Thuringia ní tiwọn yóò sọdá sí Töpen ní Bavaria, níbi tí ṣọ́ọ̀ṣì wà. Wọ́n ń fẹ́ ara wọn, oko wọn sì ń kọjá ààlà. Ní 1871, ìhà méjèèjì di ara ilẹ̀ Jámánì kan ṣoṣo. Oyè ọba dópin ní 1918, Reuss sì di ara ìpínlẹ̀ Thuringia ní 1920. Ìjọba ń yí padà, àwọn ará abúlé sì ń sọdá odò wọn bí ti àtẹ̀yìnwá.

Bí Ààlà Ṣe Di Ẹ̀wọ̀n

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní bí erin méjì bá ń jà, koríko abẹ́ wọn ni yóò fara gbá a. Nígbà tí wọ́n ṣẹ́gun Jámánì nínú Ogun Àgbáyé Kejì ní 1945, àwọn aṣẹ́gun pín ilẹ̀ náà láàrin ara wọn. Bavaria bọ́ sọ́wọ́ Amẹ́ríkà, Thuringia bọ́ sọ́wọ́ ìjọba Sófíẹ́tì. Ní 1949, ìpín yìí di orílẹ̀-èdè méjì: Jámánì Ìwọ̀-Oòrùn àti Jámánì Ìlà-Oòrùn. Ààlà orílẹ̀-èdè méjèèjì sì gba àárín Mödlareuth.

Ní ìbẹ̀rẹ̀, ẹni tí ó bá ní ìwé àṣẹ ṣì lè sọdá. Ṣùgbọ́n ní oṣù Karùn-ún ọdún 1952, ìjọba Ìlà-Oòrùn pa àṣẹ tuntun. Wọ́n fi òfin de ilẹ̀ tí ó fẹ̀ tó kìlómítà 5 lẹ́bàá ààlà. Nínú rẹ̀, mítà 500 tí ó súnmọ́ ààlà jùlọ ní òfin tí ó tún le ju ìyẹn lọ. Mítà 10 tí ó kángun sí ààlà ni wọ́n sì túlẹ̀ kí ipasẹ̀ ẹni tí ó bá sá lè hàn. Ní oṣù tí ó tẹ̀ lé e, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í kó àwọn ìdílé tí wọn kò fọkàn tán kúrò ní agbègbè ààlà. Ní Thuringia, ọ̀rọ̀ tí ó túmọ̀ sí kòkòrò ajẹnirun ni wọ́n fi sọ iṣẹ́ ìlénilọ́ náà lórúkọ. Ó yẹ kí àwa tí a ń kọ́ni ní èdè kíyè sí èyí. Kí a tó lè lé àgbẹ̀ kúrò lórí ilẹ̀ baba rẹ̀, a ti kọ́kọ́ fi orúkọ yọ ọ́ kúrò láàrin ènìyàn. Ìdílé tí ó ni ilé ìlọ-ọkà ní Mödlareuth wà lára àwọn tí ọ̀rọ̀ kàn. Wọ́n sá sọdá odò sí Bavaria, wọ́n sì wó ilé ìlọ-ọkà náà nígbà tí ó yá.

Pákó ni wọ́n kọ́kọ́ fi ṣe ọgbà láàrin abúlé náà ní 1952. Ní 1966, wọ́n mọ ògiri kọnkéré tí ó gùn tó mítà 700, tí ó sì ga ju mítà 3 lọ. Ilé ìṣọ́ gíga, iná mọ̀ǹhànmọ̀nhan àti àwọn ẹ̀ṣọ́ tí wọ́n gbé ìbọn sì wà lẹ́yìn rẹ̀. Iṣẹ́ oko pàápàá pín sí méjì: ní apá Bavaria, àgbẹ̀ kọ̀ọ̀kan ń dá oko tirẹ̀, ní Jámánì Ìlà-Oòrùn, títí di 1960, ìjọba ti kó àwọn àgbẹ̀ sínú ẹgbẹ́ oko àjọdá.

Èyí tí ó dun ènìyàn jù ni ti ìkíni. Àwọn tí ń gbé ní apá ìlà-oòrùn kò gbọdọ̀ kí ará òdìkejì, wọn kò sì gbọdọ̀ juwọ́ sí i, ìbáà jẹ́ ìbátan wọn. Láti 1973, àwọn ará Ìwọ̀-Oòrùn tí ń gbé nítòsí ààlà lè gba ìwé láti lọ kí ènìyàn ní àwọn agbègbè kan ní Ìlà-Oòrùn, ṣùgbọ́n ilẹ̀ tí òfin dè kò sí nínú rẹ̀. Nítorí náà, ará Mödlareuth lè rin ọ̀nà jíjìn wọ Jámánì Ìlà-Oòrùn, kí ó má sì lè dé ilé tí ó ń wò ní òdìkejì odò. Ní ọdún 1973 yìí kan náà, ọkùnrin kan fi àkàbà gun ògiri náà, ó sì sá àsálà. Ní 1983, George Bush, tí ó jẹ́ igbá-kejì ààrẹ Amẹ́ríkà nígbà náà, wá fojú ara rẹ̀ rí i.

Bí Ògiri Ṣe Wó

Ọjọ́ 9 oṣù Kọkànlá ọdún 1989 ni ògiri Berlin ṣí. Ní Mödlareuth, oṣù kan gbáko ni wọ́n tún fi dúró. Ọjọ́ 9 oṣù Kejìlá ni wọ́n ṣí ọ̀nà fún ẹlẹ́sẹ̀ láti kọjá. Ní ọjọ́ 17 oṣù Kẹfà ọdún 1990, katapílà wó ògiri náà. Ní oṣù Kẹwàá ọdún náà, Jámánì tún di ọ̀kan.

Ṣùgbọ́n wọn kò wó gbogbo rẹ̀. Nǹkan bí mítà 100 ni wọ́n fi sílẹ̀, wọ́n sì dá ilé ìṣẹ̀ǹbáyé sílẹ̀ níbẹ̀ ní 1990. Ẹni tí ó bá lọ síbẹ̀ yóò rí ògiri, ilé ìṣọ́ àti ọgbà wáyà ní ojú ibi tí wọ́n wà gan-an. Ẹni tí ògiri ti fi ìyà jẹ lè bèèrè pé kí ni a ń tọ́jú ohun búburú fún. Àwọn àgbà ni ó dáhùn: bí ọmọdé bá ṣubú, a wo iwájú, bí àgbà bá ṣubú, a wo ẹ̀yìn. Bí kò bá sí ohun tí a lè fọwọ́ kàn, ọmọ tí a bí lẹ́yìn 1990 lè rò pé àlọ́ ni a ń pa fún òun.

Mödlareuth Lónìí

Ààlà 1810 kò tíì parẹ́. Abúlé kan ni, ìpínlẹ̀ méjì ni. Àpá méjèèjì kò ní nọ́ńbà ìfìwéránṣẹ́ kan náà. Lẹ́tà HO ni ó wà lára ọkọ̀ àwọn ará Bavaria, SOK ni ó wà lára ti Thuringia. Ní ọjọ́ 6 oṣù Kìn-ín-ní, ọlidé ni ní apá kan, ọjọ́ iṣẹ́ ni ní apá kejì. Ìkíni wọn pàápàá yàtọ̀. Ará Bavaria a máa wí pé Grüß Gott, tí ó fi orúkọ Ọlọ́run kíni. Ará Thuringia a máa wí pé Guten Tag, tí ó ń fẹ́ ọjọ́ rere fúnni. Ṣùgbọ́n wọ́n ń kí ara wọn, wọ́n sì ń dáhùn.

Ìkádìí

Ìtàn Mödlareuth jẹ́ kí a rí i pé ààlà nìkan kọ́ ni ìṣòro. Òkúta 1810 wà níbẹ̀ nígbà tí ọmọ ìhà méjèèjì jọ ń jókòó ní kíláàsì kan. Ó wà níbẹ̀ nígbà tí ìkíni di ẹ̀ṣẹ̀. Ó sì wà níbẹ̀ lónìí. Ohun tí ó yí padà láàrin ìgbà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ni ohun tí àwọn aláṣẹ ní kí ààlà náà máa ṣe sí ènìyàn. Ẹni tí ó bá fẹ́ mọ bí ìjọba kan ṣe rí, kí ó lọ wo ohun tí ojú àwọn ará abúlé ẹ̀bá ààlà rẹ̀ ń rí.