Ọkọ̀ Eré Kọ́, Ère Ọkọ̀ Ni

Nígbà tí ọkọ̀ ojú irin bẹ̀rẹ̀ sí í ná Èkó sí Ìbàdàn ní 1901, orúkọ méjì ló bá a wọ̀lú, méjèèjì ò sì tíì kú títí di òní. ‘Rélùwéè’ ni ti ilé iṣẹ́ náà, ti àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ àti àdúgbò tí wọ́n ń gbé. ‘Ojú irin’ ni ti ọ̀nà tí ọkọ̀ ń tẹ̀. Ẹni tó bá ní bàbá òun ṣiṣẹ́ rélùwéè, iṣẹ́ olówó oṣù ló ń sọ. Ẹni tó bá ní kí ọmọ má ṣeré lójú irin, ibi tí ewu wà ló ń tọ́ka sí. A yá ọ̀kan, a ṣẹ̀dá èkejì, kò sì sí èyí tó gba iṣẹ́ lọ́wọ́ èkejì. Ẹ̀kọ́ tí mo rí kọ́ nínú èyí ni pé ibi tí nǹkan méjì bá ti wà tí wọ́n sì ń dà pọ̀ mọ́ra lẹ́nu wa ló yẹ ká ti ṣẹ̀dá ọ̀rọ̀. Níbi tí kò bá ti rí bẹ́ẹ̀, ká yá ọ̀rọ̀ lọ́wọ́ ẹni tó ni ín, ká sì máa bá iṣẹ́ lọ. Ọ̀pọ̀ àwọn tó ń ṣẹ̀dá ọ̀rọ̀ ló ń ṣe òdìkejì èyí: wọn a wá orúkọ gígùn fún ohun tí ọmọ ọdún mẹ́rin ti mọ orúkọ rẹ̀, wọn a sì fi ibi tí èdè ti ń kọsẹ̀ gan-an sílẹ̀.

Iṣẹ́ tí mo fẹ́ fi dán ọ̀rọ̀ yìí wò ni ti àwọn tó ń kọ́ ọkọ̀ ojú irin ní kékeré, tí wọ́n ń fi iná mànàmáná wà á lórí tábìlì nínú ilé wọn, fún ìgbafẹ́. Àwọn kan wà ní Ireland tó fẹ́ràn rẹ̀ gan-an. Cyril Fry, tó ṣiṣẹ́ ní ọgbà rélùwéè Inchicore ní Dublin, fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ́ ọ̀pọ̀ ọkọ̀ ilẹ̀ rẹ̀ ní kékeré, wọ́n sì wà nínú ilé ìṣẹ̀ǹbáyé kan ní Malahide, nítòsí Dublin, fún ẹni tó bá fẹ́ wò wọ́n. Mo yan Ireland nítorí ìṣòro kan tó le lọ́dọ̀ wọn ju ti àwọn ará England tó múlé tì wọ́n lọ. Ní àárín ọ̀rúndún kọkàndínlógún, òfin ọdún 1846 ya ojú irin ilẹ̀ méjèèjì sọ́tọ̀: láti irin kan sí èkejì, mìlímítà 1435 ni ti England, 1600 ni ti Ireland. Àmọ́ ojú irin kékeré tó wọ́pọ̀ jù lọ́jà, mìlímítà 16.5 ni gbogbo rẹ̀. Ọkọ̀ Ireland tí ilé iṣẹ́ Murphy Models ti Dublin gbé jáde, bíi ti ẹ́ńjìnnì tí wọ́n ń pè ní 071, jẹ́ ìdá kan nínú 76 ti ọkọ̀ gidi. Bí a bá pín 1600 sí ọ̀nà 76, mìlímítà 21 ló yẹ kí ẹsẹ̀ rẹ̀ fi jìnnà síra, síbẹ̀ 16.5 náà ni wọ́n gbé e lé kó lè rìn lórí irin ọjà. Àwọn kan gbà bẹ́ẹ̀. Àwọn mìíràn ò gbà, wọ́n ń fi ọwọ́ ara wọn to irin oní-21, ẹyọ kan lẹ́yìn òmíràn, fún ọ̀pọ̀ ọdún. Èdè tó bá fẹ́ sọ àríyànjiyàn yìí gbọ́dọ̀ ní ọ̀rọ̀ tó mú.

Kí la ó wá pe ọkọ̀ kékeré náà fúnra rẹ̀? ‘Ọkọ̀ ìṣeré’ ló kọ́kọ́ ń wá síni lẹ́nu. Ní àwọn abúlé Akínyẹlé àti Ọ̀nà-Àrà, àwọn ọmọdé ń fi agolo sàdíìnì ṣe mọ́tò, wọ́n ń fi ìdérí ìgò tàbí sílípáàsì tó ti já ṣe ẹsẹ̀ rẹ̀, wọ́n sì ń fi okùn fà á kiri àgbàlá. Ọkọ̀ eré nìyẹn, iṣẹ́ ọwọ́ gidi sì ni. Ṣùgbọ́n ọmọ náà kò wo mọ́tò kan pàtó kó tó ṣe tirẹ̀. Mọ́tò ló ṣe, kì í ṣe mọ́tò lágbájá. Ẹni tó ń kọ́ 071 ń kọ́ ọkọ̀ kan tó ní nọ́ńbà lára, tó mọ iye fèrèsé rẹ̀ àti ọ̀dà tí wọ́n fi kùn ún lọ́dún báyìí. Ohun tí Yorùbá ń pe ohun tí a gbẹ́ tàbí tí a mọ kó lè jọ òmíràn ni ère. Ohùn nìkan ló ya eré àti ère sọ́tọ̀, ohùn náà sì tó. Ọkọ̀ eré ni ti ọmọdé, ère ọkọ̀ ni ti Fry. Ọkọ̀ gidi tí wọ́n ń wò kọ́ èyí tó kéré nílò orúkọ tirẹ̀ náà, mo sì gbà pé ‘àwòṣe’ ló yẹ ẹ́. Àwọn kan á fẹ́ kí àwòṣe jẹ́ orúkọ ohun kékeré, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká wo àwòkọ́ṣe tó jẹ́ ẹ̀gbọ́n rẹ̀: ẹni tó ń kọ́ṣe kọ́ là ń pè bẹ́ẹ̀, ẹni tí wọ́n ń wò ni. Àwòṣe wà lójú irin, ère rẹ̀ wà lórí tábìlì.

Ẹnìkan lè sọ pé ère ti di ọ̀rọ̀ òrìṣà, pé onígbàgbọ́ àti mùsùlùmí kò ní fẹ́ kí ọmọ wọn máa ní ère nílé. Ìbẹ̀rù yìí kò tó ohun tí a ń fi ọ̀rọ̀ sílẹ̀ fún. Nígbà tí wọ́n gbé ère Mọremí kalẹ̀ ní Ilé-Ifẹ̀ ní 2016, ère náà ni gbogbo ènìyàn pè é, kò sì sí ẹni tó rò pé wọ́n ní kí òun foríbalẹ̀ fún un. Àtakò kejì ló wúwo. Ère ìbejì wà níbẹ̀: orí rẹ̀ tó nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́ta gbogbo ara, kò sì sí ọmọ ènìyàn tó rí bẹ́ẹ̀. Agbẹ́gilére kò ṣàṣìṣe, orí ló ń bọ̀wọ̀ fún. Bí ère bá jẹ́ ohun tí a kì í fi òṣùwọ̀n ṣe, báwo ló ṣe lè jẹ́ orúkọ fún ohun tí gbogbo iyì rẹ̀ wà nínú òṣùwọ̀n? Mo gbà pé ọ̀rọ̀ yìí nílò àfikún: ère oníwọ̀n ni ká pè é níbi tí ìyàtọ̀ bá ti ṣe pàtàkì. Ṣùgbọ́n ẹ tún padà wo 071 tó wà lórí irin 16.5. Ẹni tó ṣe é mọ̀ pé ẹsẹ̀ rẹ̀ há ju bó ṣe yẹ lọ, ó mọ̀ọ́mọ̀ yọ̀ǹda ẹsẹ̀ kí ọkọ̀ lè rìn. Agbẹ́gilére yọ̀ǹda ara nítorí orí, oníṣẹ́ Ireland yọ̀ǹda ẹsẹ̀ nítorí ìrìn. Wọn kò jìnnà síra tó bí àtakò náà ṣe fẹ́ ká gbà gbọ́.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti pọn dandan jù lọ ni ìwọ̀n méjì tí àwọn tó ń sọ Gẹ̀ẹ́sì pàápàá ń dà pọ̀ mọ́ra wọn: bí irin méjèèjì ṣe jìnnà síra tó, àti bí ère ṣe kéré sí àwòṣe rẹ̀ tó. Ti àkọ́kọ́ kò nílò ìṣẹ̀dá rárá. Bíríkìlà tó bá fẹ́ kọ́ yàrá ń béèrè ìbú àti òòró kó tó walẹ̀. Ìbú ojú irin, ó parí. Ìkejì ni ìdá, òun náà sì ti wà lẹ́nu gbogbo abúlé, nítorí ẹni tó ń san ìdámẹ́wàá ní ṣọ́ọ̀ṣì àti ẹni tó ń yọ ìdá kan nínú ogójì ṣe sàká ti ń fi ìdá ṣírò lọ́dọọdún. Ẹ jẹ́ ká gbé ọ̀rọ̀ méjèèjì wá sí àyíká Ìbàdàn. Ojú irin àtijọ́ tó dé Òṣogbo ní 1907 gba Lálúpọn ní Lágelú kọjá, mìlímítà 1067 sì ni ìbú rẹ̀. Ojú irin tuntun tó wá láti Èkó, nǹkan bí kìlómítà 157, tí wọ́n ṣí ní ọjọ́ 10 oṣù kẹfà ọdún 2021, parí sí ibùdókọ̀ Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ ní Mọ́níyà ní Akínyẹlé, ìbú tirẹ̀ sì jẹ́ 1435. Ìjọba ìbílẹ̀ méjì tó pààlà, ojú irin méjì tí ọkọ̀ ọ̀kan kò lè gun èkejì. Bí a bá kọ́ ère àwọn méjèèjì ní ìdá kan nínú 76, ìbú Lálúpọn á jẹ́ mìlímítà 14, ti Mọ́níyà á sún mọ́ 19, irin 16.5 tó wà lọ́jà kò sì ní bá èyíkéyìí nínú wọn mu. Ṣùgbọ́n tí a bá yí ìdá padà, tí a fi ìbú sílẹ̀ bó ṣe wà, nǹkan á yàtọ̀. Ní ìdá kan nínú 64, ìbú Lálúpọn fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ 16.5 náà. Ọ̀nà tí àwọn kan ní New Zealand, tí ojú irin ibẹ̀ náà jẹ́ 1067, ń gbà nìyẹn. Ní ìdá kan nínú 87, ìbú Mọ́níyà jẹ́ 16.5 gẹ́lẹ́. Irin kan náà ló gbé méjèèjì, ṣùgbọ́n a kò lè to wọ́n sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, nítorí ènìyàn tó ga ní mítà 1.7 á ga ní mìlímítà 26 àti ààbọ̀ ní Lálúpọn, 19 àti ààbọ̀ péré ní Mọ́níyà. Ìbú kan, ìdá méjì. Ká ní ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì kan ṣoṣo la yá fún méjèèjì, gbólóhùn tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ yìí kò ní ṣeé sọ.

Mo mọ̀ pé wọ́n á béèrè ẹni tó ń kọ́ ère ọkọ̀ ní Lágelú tàbí ní Ẹgbẹ́dá tí a fi ń wá ọ̀rọ̀ fún un. Ìbéèrè yìí gbà pé iṣẹ́ ló gbọ́dọ̀ ṣáájú ọ̀rọ̀ nígbà gbogbo. Nígbà tí Babátúndé Fáfúnwá àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ètò ọlọ́dún mẹ́fà ní Ilé-Ifẹ̀ ní 1970, tí wọ́n ń fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní ìṣirò àti sáyẹ́ǹsì, ọ̀rọ̀ ni wọ́n kọ́kọ́ wá kí olùkọ́ tó rí ẹnu sọ̀rọ̀. Ọmọ tó mọ ìbú yàtọ̀ sí ìdá lè wọn ibùdókọ̀ abúlé rẹ̀ pẹ̀lú tépù télọ̀, kó sì fi páálí kọ́ ère rẹ̀. Káfíńtà tó mọ̀ ọ́n lè ka àwòrán ilé. Àwọn tó ní ká kàn yá gbogbo ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì tọ̀nà ní apá kan, mo sì bá wọn lọ níbẹ̀: dẹ́rẹ́bà, gáàdì, tíkẹ́ẹ̀tì, kóòṣì, ẹ́ńjìnnì, wáyà àti bátìrì ti di tiwa, n kò sì rí ìdí tí a ó fi máa pe bátìrì ní àpótí tó ń tọ́jú iná. Ohun tí a lè fi ọwọ́ kàn kò níṣòro, ọwọ́ tó mú un wá náà ló ń mú orúkọ rẹ̀ wá. Ìbátan àárín nǹkan méjì ni kì í bá ọ̀rọ̀ àyálò wọlé. A ó gba orúkọ, a ó sì máa fi í pe ohun tí a kò tíì fojú inú rí.

Ilẹ̀ orí tábìlì tí gbogbo rẹ̀ wà, pẹ̀lú irin, ilé, igi àti odò, ‘àtẹ’ ni mo pè é. Àwọn ìyá tó ń pàtẹ ata àti tòmátò ní ọjà Mọ́níyà mọ ohun tí àtẹ jẹ́: ààyè kékeré tí a to nǹkan sí kí ojú lè kà á tán lẹ́ẹ̀kan náà. Igi tó gbé irin ró ni ìdábùú, ohun tó so kóòṣì pọ̀ ni ìkọ́, ibi tí irin ti yà sí méjì ni oríta. Ẹsẹ̀ ni ẹsẹ̀, bí a ṣe ń sọ ọ́ fún kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta. Ọ̀kan kù tí mo rò pé Yorùbá ní ju bí a ṣe nílò lọ. Nígbà tí ère bá parí, ọ̀pọ̀ oníṣẹ́ Ireland kì í fi í sílẹ̀ bí ohun tuntun: wọn a fi ọ̀dà àti ìyẹ̀fun sọ ọ́ di ohun tí òjò àti oòrùn ti bá jà. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni Gẹ̀ẹ́sì ní fún gbogbo iṣẹ́ yìí. Lọ́dọ̀ wa, irin a máa dípẹtà, igi a máa gbó, ọ̀dà a máa ṣá. Ẹni tó bá fẹ́ kọ́ ère Lálúpọn kò ní lè gbé búrọ́ọ̀ṣì kó tó mọ èwo nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló fẹ́ ṣe, àti lára kí ni.