Kòkòrò Orí Àpáta Tó Ń Gbẹ Tí Kì í Kú

Bí a bá dárúkọ omi ní Ògùnpa n'Ìbàdàn, ọkàn àwọn àgbà a máa lọ sí ọjọ́ 31 oṣù Kẹjọ ọdún 1980, nígbà tí odò náà kún àkúnya, tó gbé ilé, tó gbé ènìyàn lọ. Òdìkejì rẹ̀ ni tanwíjí inú gọ́tà ń bẹ̀rù: bí omi bá gbẹ, ó parí fún wọn. Ṣùgbọ́n ìbátan wọn kan wà ní Òkè Ọya tí ọ̀gbẹlẹ̀ kì í pa.

Inú kòtò orí àpáta tí omi òjò ń dá sí ni ìdin kòkòrò náà ń gbé. Lọ́dún 1951, H. E. Hinton, onímọ̀ kòkòrò ní Yunifásítì Bristol, sọ ọ́ ní Polypedilum vanderplanki. Nígbà tó di 1960, ó ròyìn pé òun gbé ìdin gbígbẹ sínú òtútù tó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìwọ̀n 270 nísàlẹ̀ òdo, síbẹ̀ wọ́n jí nígbà tí òun da omi sí wọn. Àwọn mìíràn ti wà ní gbígbẹ fún ọdún 17 kí wọ́n tó jí.

Àṣírí rẹ̀ wà nínú ṣúgà kan tó ń jẹ́ trehalose. Bí kòtò bá ń gbẹ, láàárín nǹkan bí wákàtí 48, ìdin náà á ṣe ṣúgà yìí títí yóò fi tó ìdá kan nínú márùn-ún ìwọ̀n ara rẹ̀ gbígbẹ. Ṣúgà náà á dì bíi gíláàsì, á sì di ohun inú sẹ́ẹ̀lì mú kó má baà wó. Ìṣòro ibẹ̀ ni pé ẹ̀yà ara tó ń kó ọ̀rá pamọ́ ló ń ṣe é, awọ sẹ́ẹ̀lì kì í sì í jẹ́ kí ṣúgà kọjá. Báwo ló ṣe ń dé ibi yòókù?

Lọ́dún 2007, Kikawada àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Tsukuba, Japan, rí ìdáhùn: purotéènì kan, TRET1, tó há sínú awọ sẹ́ẹ̀lì bí alábàárù ẹnu ọ̀nà ọjà. Àmọ́ alábàárù yìí kì í gba owó; kò ná agbára kankan. Láti ibi tí ṣúgà ti pọ̀ ló ń gbé e lọ síbi tó ti ṣọ̀wọ́n. Bí ibi tó pọ̀ sí bá yí padà, òun náà á yíjú padà. Wọ́n fi àbùdá rẹ̀ sínú ẹyin ọ̀pọ̀lọ́, ẹyin náà sì gba ṣúgà wọlé.

Ẹni tó bá lè gbẹ sẹ́ẹ̀lì láìpa á lè tọ́jú rẹ̀ láìsí fíríìjì, orílẹ̀-èdè tí iná mànàmáná rẹ̀ ń ṣe ségesège bíi Nàìjíríà ni irú ìmọ̀ bẹ́ẹ̀ sì wúlò fún jù. Orí àpáta Nàìjíríà ni kòkòrò yìí ti wá. Tsukuba la ti tú àṣírí rẹ̀. Kò sẹ́ni tó jí i gbé, gbangba ni kòtò wọ̀nyẹn wà. Ní 2012, TRET1 mú kí sẹ́ẹ̀lì ẹranko hamster fara da gbígbẹ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò tíì tó ti ìdin náà.