Epo Tó Lọ, Ọṣẹ Tó Bọ̀

Ọwọ́ ọ̀tún wẹ òsì, òsì wẹ ọ̀tún, lọwọ́ fi ń mọ́. Bẹ́ẹ̀ làwọn àgbà wí, a ò sì lè já wọn nírọ́. Ṣùgbọ́n ọwọ́ kan wà tó jẹ́ pé bí a bá ṣe ń wẹ̀ ẹ́ tó ló ń burú tó. Awọ rẹ̀ á gbẹ, á le, á máa yúnni bíi pé egungun ló ń yún. Ìléròrò wẹ́wẹ́ tó lómi nínú á sú sí ẹ̀gbẹ́ ìka. Tó bá yá, àtẹ́lẹwọ́ á là bí ilẹ̀ ìgbà ọ̀gbẹlẹ̀, ata díẹ̀ á sì di iná níbẹ̀. Eczema làwọn dókítà ń pè é. Inú èdè Gíríìkì lorúkọ náà ti wá, ìtumọ̀ rẹ̀ sì ni ohun tó hó tó sì ru jáde. Ẹni tó bá ti ní in rí mọ̀ pé orúkọ yẹn ò parọ́.

Ní etí òkun Àgbádárìgì, inú omi lọ̀pọ̀ iṣẹ́ ọwọ́ wà. Wọ́n ń họ ìpẹ́ ẹja, wọ́n ń bó ẹ̀gẹ́, wọ́n ń rin àgbọn, wọ́n ń fa àwọ̀n nínú omi iyọ̀. Ọwọ́ tó ń tutù tó ń gbẹ látàárọ̀ ṣúlẹ̀ ni àìsàn yìí máa ń tètè mú. Kì í ràn, ṣùgbọ́n ta ló fẹ́ gbọ́? Bí ọwọ́ olóúnjẹ bá ń bó, oníbàárà á yà sí ìsọ̀ kejì. Ẹlòmíì á ní ẹ̀tẹ̀ ni. Ìdí nìyẹn tá a fi rò pé ó yẹ ká sọ ìtàn bí ọ̀rọ̀ ọwọ́ àti ọṣẹ ṣe jẹ́ láàárín wa.

Èèyàn ni wọ́n kọ́kọ́ ń kó gba Àgbádárìgì lọ sókè òkun. Ní 1807 ni ìjọba Gẹ̀ẹ́sì fi òfin de òwò ẹrú, ṣùgbọ́n ó pẹ́ gan-an kí òwò náà tó kú tán ní etíkun wa. Epo pupa ló wá gba ipò rẹ̀. Àwọn oníṣòwò Liverpool ń rà á ní àgbá-àgbá, wọ́n ń fi ṣe àbẹ́là, wọ́n ń fi pa ẹ̀rọ lára, wọ́n sì ń fi ṣe ọṣẹ. Lẹ́yìn èyí ni wọ́n tún bẹ̀rẹ̀ sí í ra èkùrọ́. Ní 1884, William Lever gbé ọṣẹ Sunlight jáde nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Nígbà tó di 1923, ilé-iṣẹ́ rẹ̀ ti fìdí múlẹ̀ ní Èkó. Ohun tó kúrò lọ́dọ̀ wa ní epo padà wá bá wa ní ọṣẹ, a sì fowó rà á.

Kí wá ni ọṣẹ ń ṣe fún ọwọ́? Awọ ara ní ọ̀rá tirẹ̀, tó dì í mú bí amọ̀ ṣe ń di bíríkì mú. Ọṣẹ ò mọ ọ̀rá ìdọ̀tí yàtọ̀ sí ọ̀rá ara, gbogbo rẹ̀ ló ń kó lọ. Tí amọ̀ yẹn bá ti ṣí, omi inú awọ á máa gbẹ lọ, iyọ̀, ata àti omi ẹ̀gẹ́ á sì rí ọ̀nà wọlé. Ara á bá wọn jà, ìjà yẹn ló ń yún. Ká má tan ara wa, ọṣẹ dúdú tiwa náà, eérú ló wà níbẹ̀. Kò ṣàánú ọwọ́ tó ti là.

Ohun tí ọwọ́ ń béèrè ni pé ká dá ọ̀rá padà fún un. Àwọn ìyá wa mọ èyí tipẹ́: òrí, àdín àgbọn. Àgbọn fúnra rẹ̀, àlejò tó di onílé ni. Àwọn Potogí ló gbé e dé etíkun ìwọ̀ oòrùn Áfíríkà. Ní 2014, àwọn olùwádìí ní Philippines tẹ èsì àyẹ̀wò kan jáde. Ọmọdé 117 tí eczema ń bá jà ni wọ́n lò, àwọn kan ń pa àdín àgbọn, àwọn yòókù ń pa òróró tí wọ́n fà yọ lára epo rọ̀bì. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ 8, ara àwọn alágbọn ló dáa jù. Eczema tí kò le púpọ̀ ni o, kì í sì í ṣe ti ọwọ́ nìkan. Vaseline náà wúlò. Robert Chesebrough ló gba ìwé àṣẹ rẹ̀ ní Amẹ́ríkà ní 1872. Nígbà tó yá, Unilever, ilé-iṣẹ́ tó ti ara ti Lever jáde, ra ilé-iṣẹ́ tó ń ṣe é. Ẹni tó ti ń ta ọṣẹ fún wa tẹ́lẹ̀ ló wá ń ta ìpara fún wa.

Bó bá wá le ju òróró lọ ńkọ́? Ní 1952, Marion Sulzberger àti Victor Witten ní Amẹ́ríkà fi hàn pé hydrocortisone tí a fi pa awọ ń pa iná eczema. Ìtura ńlá ni. Àwọn tó lágbára jù ú lọ fíìfíì, bíi clobetasol, tẹ̀ lé e. Oògùn gidi ni wọ́n, bí dókítà bá sọ iye ọjọ́ tá a máa lò ó. Ṣùgbọ́n lọ́jà wa, wọ́n ń pò wọ́n mọ́ ìpara ìbóra, wọ́n sì ń tà wọ́n bí ẹni ń ta súùtì.

Nígbà tí Kòrónà dé ní 2020, tí gbogbo ayé ń fọwọ́, ọwọ́ tiwa náà là. Iṣẹ́ kọ̀ǹpútà là ń ṣe, ìka la fi ń jẹun. A ra tíúbù kan ní kẹ́míìsì, kò sẹ́ni tó bi wá ní nǹkan kan. Ọjọ́ mẹ́ta, ọwọ́ jọ̀lọ̀. A ò dáwọ́ dúró fún oṣù púpọ̀, títí awọ fi fẹ́lẹ́ tí iṣan ń hàn. Dókítà awọ ara ló ṣàlàyé ohun tí à ń lò fún wa.

Ohun tó kọ́ wa kò nira. Omi lílọ́wọ́ọ́wọ́, ọṣẹ díẹ̀ tí kò lóòórùn. Kí ọwọ́ tó gbẹ tán, ká ti fi òróró pa á. Ká wọ ìbọ̀wọ́ tá a bá fẹ́ fọ abọ́ tàbí bó ẹ̀gẹ́. Lálẹ́, ká pa á dáadáa, ká fi ìbọ̀wọ́ òwú bò ó sùn. Bí ó bá ń ṣọyún, ilé ìwòsàn ni o.

Ẹ bá wa sọ fún ìyá ẹlẹ́ja tó ń fi ìborùn bo ọwọ́: kì í ṣe ẹ̀tẹ̀. Òróró ni ọwọ́ náà ń bẹ̀bẹ̀ fún, ó sì wà lórí igi lẹ́yìnkùlé rẹ̀.