Aláìsàn Gẹ́gẹ́ bí Olùwá Ìdánwò Oògùn: Ìtàn Láti Orí Ikọ́ Ife Dé Orí Àrùn Fòníkú-Fọ̀ladìde

Ìfáàrà

Yorùbá gbà pé àrùn ni à ń wò, a kì í wo ikú. Ìgbàgbọ́ yìí ni ó ń mú kí aláìsàn máa ti ọ̀dọ̀ oníṣègùn kan bọ́ sí ọ̀dọ̀ òmíràn níwọ̀n ìgbà tí ẹ̀mí bá ṣì wà. Nínú ìṣègùn òde òní, ọ̀kan lára ibi tí ìwákiri bẹ́ẹ̀ ń gbé ènìyàn dé ni ìdánwò oògùn, ìyẹn ìlànà tí àwọn onímọ̀ fi ń yẹ oògùn tuntun wò lára àwọn tó yọ̀ǹda ara wọn, kí ìjọba tó fọwọ́ sí títà rẹ̀.

Àwọn àrùn tí aláìsàn ń tìtorí wọn wá ìdánwò kiri kì í ṣe àwọn tó wọ́pọ̀ jù lọ. Ibà wọ́pọ̀, ṣùgbọ́n ẹni tí ibà ń ṣe kì í sábà wá ìdánwò kiri, nítorí oògùn rẹ̀ wà lórí àtẹ. Jẹjẹrẹ, Éèdì kí oògùn rẹ̀ tó kájú ìwọ̀n, àti àrùn àjogúnbá bíi fòníkú-fọ̀ladìde ni àpẹẹrẹ tó ṣe gbòógì. Èrò iṣẹ́ yìí ni pé ibi tí ìṣègùn tó wà nílẹ̀ bá ti kùnà ni aláìsàn ti ń di olùwá ìdánwò, àti pé ìwákiri náà kò lè fẹsẹ̀ múlẹ̀ láìsí ìfọkàntán.

Nígbà tí Aláìsàn Kò Mọ̀

Ní ìbẹ̀rẹ̀, aláìsàn kọ́ ni ó ń wá ìdánwò. Àwọn dókítà ni wọ́n ń wá aláìsàn. Ní ọdún 1948 ni wọ́n tẹ àbájáde ìdánwò oògùn streptomycin fún ikọ́ ife jáde ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Oògùn náà kò tó nǹkan nígbà náà, nítorí náà wọ́n pín aláìsàn 107 sí ọ̀nà méjì bí ẹni ń ṣẹ́ kèké: 55 gba oògùn, 52 sinmi lórí ibùsùn lásán. Lẹ́yìn oṣù mẹ́fà, ènìyàn 4 kú nínú ìpín kìn-ín-ní, 14 sì kú nínú ìpín kejì. Ìlànà ṣíṣẹ́ kèké yìí ni ó di òpómúléró ìdánwò oògùn títí di òní. Síbẹ̀, àwọn tó wà nínú ìpín kejì kò mọ̀ rárá pé wọ́n wà nínú ìwádìí kankan.

Àìmọ̀ yìí burú jáì ní Tuskegee, ní ìpínlẹ̀ Alabama ní Amẹ́ríkà. Láti ọdún 1932 títí di 1972, iléeṣẹ́ ìlera ìjọba ń ṣọ́ nǹkan bí 600 ọkùnrin aláwọ̀ dúdú, tí 399 nínú wọn ní àrùn sífílíìsì. Kì í ṣe pé wọ́n ń dán oògùn wò lára wọn. Ńṣe ni wọ́n ń wo bí àrùn náà yóò ṣe bà wọ́n jẹ́. Pẹnisílì-ìnnì ti di ìwòsàn tó dájú láàrin àwọn ọdún 1940, ṣùgbọ́n wọn kò fún wọn. Ọdún 1997 ni Ààrẹ Clinton tó tọrọ àforíjì lórúkọ ìjọba.

Éèdì àti Jẹjẹrẹ: Aláìsàn Kan Ilẹ̀kùn

Éèdì ni ó yí ọwọ́ padà. Ní ọdún 1986, wọ́n dán oògùn AZT wò lára aláìsàn 282 ní Amẹ́ríkà. Ó kù díẹ̀ kí ìdánwò náà parí ni wọ́n dá a dúró, nítorí pé ènìyàn 19 ti kú láàrin àwọn tó ń gba hóró tí kò ní oògùn nínú, ẹyọ kan ṣoṣo sì kú láàrin àwọn tó ń lo AZT. Àwọn kan lára àwọn aláìsàn náà ti lọ yẹ hóró wọn wò ní ilé àyẹ̀wò kí wọ́n lè mọ èyí tí wọ́n ń gbé mì. Àwọn mìíràn pín oògùn wọn fún ara wọn. Ìwà yìí ba ètò ìwádìí jẹ́, ṣùgbọ́n ẹni tí ikú ń fẹjú mọ́ kò ka ètò sí.

Ní ọjọ́ 11 oṣù kẹwàá ọdún 1988, ẹgbẹ́ ACT UP kó ara wọn jọ sí iwájú iléeṣẹ́ FDA tó ń fọwọ́ sí oògùn ní Amẹ́ríkà. Ohun tí wọ́n ń bèèrè ni pé kí ìdánwò tètè máa parí, kí ilẹ̀kùn rẹ̀ sì ṣí sílẹ̀ fún obìnrin àti fún aláwọ̀ dúdú. Ìgbà àkọ́kọ́ kọ́ nìyẹn tí aláìsàn yóò bèèrè oògùn, ṣùgbọ́n láti ìgbà náà ni ohùn aláìsàn ti wọ inú ìpàdé àwọn onímọ̀. Àwọn obìnrin tó ní jẹjẹrẹ ọyàn tọ ipasẹ̀ wọn. Ní ọdún 1995, iléeṣẹ́ Genentech gbà láti máa fi kèké yan àwọn tí yóò rí oògùn Herceptin gbà kí ìjọba tó fọwọ́ sí i ní 1998.

Fòníkú-Fọ̀ladìde

Orúkọ tí Yorùbá fún àrùn yìí fi hàn pé wọ́n ti ṣàkíyèsí ìrìn rẹ̀ dáadáa. Ẹni tó dà bí òkú lónìí a dìde lọ́la, ìrora a sì tún padà. Àwọn mìíràn ń pè é ní arọ́mọléegun nítorí eegun ríro. Àwọn onímọ̀ kan gbà pé apá kan nínú àwọn ọmọ tí wọ́n ń pè ní àbíkú láyé àtijọ́ ni àrùn yìí pa. Ohun tó fa ìrora náà ni pé sẹ́ẹ̀lì ẹ̀jẹ̀ pupa tẹ̀ bí dòjé, ó sì ń dí ọ̀nà ẹ̀jẹ̀.

Ìwákiri oògùn rẹ̀ kò ṣàjèjì sí ilẹ̀ Yorùbá. Ní ọdún 1971, Sofowora àti Isaacs ní Yunifásítì Ifẹ̀ kọ̀wé pé omi gbòǹgbò orín àtà lè mú kí sẹ́ẹ̀lì tó ti tẹ̀ padà sí bó ṣe yẹ nínú ìgò àyẹ̀wò. Lẹ́yìn èyí ni Àlùfáà P. O. Ogunyale fi àgbo kan lé NIPRD, iléeṣẹ́ ìwádìí oògùn ìjọba àpapọ̀ ní Àbújá, lọ́wọ́. Ìyèré, igi osùn, kànáfùrù àti ewé ọkà bàbà ni èròjà rẹ̀. Wọ́n sọ ọ́ di Niprisan, wọ́n sì dán an wò lára aláìsàn 82, àbájáde rẹ̀ sì jáde ní 2001. Ó dín ìrora kù. Ní 2006, iléeṣẹ́ Xechem bẹ̀rẹ̀ sí í tà á ní Nàìjíríà, ṣùgbọ́n gbèsè wó iléeṣẹ́ náà ní 2008, àwọn tó gbójú lé oògùn náà kò sì rí i rà mọ́ bí wọ́n ṣe fẹ́.

Ní Amẹ́ríkà àti Kánádà, ìdánwò oògùn hydroxyurea lára àgbàlagbà 299 parí ní ọdún 1995. Ohun tí wọ́n ń kà ni iye ìgbà tí ìrora ńlá ń dé láàrin ọdún: ó jẹ́ 4.5 fún àwọn tí kò gba oògùn, ó sì di 2.5 fún àwọn tó gbà á. Ìṣubú-àti-dìde tí orúkọ Yorùbá ti tọ́ka sí láti ọjọ́ pípẹ́ náà ni wọ́n fi ṣe òṣùwọ̀n.

Ìfọkàntán ní Kánò

Nàìjíríà ni àrùn yìí pọ̀ sí jù lọ. Ìṣirò tí wọ́n máa ń tọ́ka sí ni pé nǹkan bí 150,000 ọmọ ni wọ́n ń bí pẹ̀lú rẹ̀ lọ́dọọdún. Ṣùgbọ́n ìtàn kan ti dí ojú ọ̀nà ìdánwò. Ní 1996, nígbà àjàkálẹ̀ àrùn yínrùnyínrùn ní Kánò, iléeṣẹ́ Pfizer dán oògùn Trovan wò nínú ìwádìí tó kan ọmọdé 200. Ọmọ 11 kú: 5 láàrin àwọn tó gba Trovan, 6 láàrin àwọn tó gba oògùn kejì. Àwọn òbí ní ẹnikẹ́ni kò sọ fún àwọn pé ìdánwò ni. Iléeṣẹ́ náà ní wọ́n gbà á lẹ́nu wọn. Ní 2009, iléeṣẹ́ náà gbà láti san mílíọ̀nù 75 dọ́là nínú àdéhùn pẹ̀lú ìjọba Kánò, láìgbà pé òun jẹ̀bi. Ọ̀pọ̀ onímọ̀ ka ọ̀rọ̀ yìí mọ́ ohun tó fà á tí Kánò fi kọ abẹ́rẹ́ àjẹsára rọpárọsẹ̀ ọmọdé ní 2003.

Ní 2007, Nàìjíríà gbé òfin ìlànà ìwádìí ìlera jáde, tó sọ ọ́ di dandan kí olùkópa mọ ohun tó ń wọ̀ kí ó sì fọwọ́ sí i. Ní ọdún 2016, àwọn dókítà bẹ̀rẹ̀ ìdánwò hydroxyurea ní Kánò kan náà àti ní Kàdúná, láti dáàbò bo ọpọlọ àwọn ọmọ tó ní fòníkú-fọ̀ladìde. Àwọn òbí mú ọmọ wọn wá. Àbájáde rẹ̀ ní 2022 kò fi ìyàtọ̀ hàn láàrin ìwọ̀n kékeré àti ìwọ̀n àárín. Èyí ṣe pàtàkì níbi tí owó oògùn ti ń wọ àwọn òbí lọ́rùn.

Ìkádìí

Ìdánwò kì í ṣe ìwòsàn. Voxelotor, tí Amẹ́ríkà fọwọ́ sí ní 2019 fún àrùn yìí, ni iléeṣẹ́ tó ń ṣe é kó kúrò lọ́jà ní 2024 nítorí ewu tó wà nínú rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni ìdánwò tó yọrí kì í ṣe oògùn tó dé ọwọ́ aláìsàn. Ní ìparí 2023, ìlú Gẹ̀ẹ́sì àti Amẹ́ríkà fọwọ́ sí Casgevy, tó ń tún àbùdá sẹ́ẹ̀lì inú mùdùnmúdùn eegun ṣe. Nínú ènìyàn 31 tí wọ́n tọpasẹ̀ wọn tó, 29 ni ìrora ńlá kò mú fún odidi ọdún kan. Mílíọ̀nù 2.2 dọ́là ni wọ́n pe owó rẹ̀ ní Amẹ́ríkà.

Àwọn olùkọ́ ni wọ́n máa ń kọ́kọ́ rí ọmọ tó ń pa ilé ìwé jẹ nítorí eegun ríro. Ojúṣe wọn ni láti kọ́ ọmọ àti òbí ní ìbéèrè mẹ́ta: Kí ni ẹ fẹ́ dán wò? Ṣé mo lè jáde nígbà tó bá wù mí? Bí oògùn náà bá ṣiṣẹ́, ṣé èmi náà yóò rí i rà? Wọn kò bi àwọn ará Tuskegee ní èkíní, wọn kò sì fún wọn láǹfààní èkejì. Ẹ̀kẹta ni ó kù tí Nàìjíríà gbọ́dọ̀ dáhùn.