Ọjọ́ Mọ́kànlá Ṣáájú Ife: Bí IPL Ṣe Bẹ̀rẹ̀

Bí ẹ bá bi ọ̀pọ̀ èèyàn bí IPL, líìgì kríkẹ́ẹ̀tì ilẹ̀ Íńdíà, ṣe bẹ̀rẹ̀, ohun kan náà ni wọ́n á sọ fún yín: Íńdíà gba ife-ẹ̀yẹ àgbáyé Twenty20 ní Johannesburg ní 24 Oṣù Kẹsàn-án 2007, run márùn-ún péré ni wọ́n fi na Pakistan, gbogbo ìlú ya wèrè sórí eré kúkúrú náà, àwọn olówó sì rí ọjà. Ìtàn tó dùn ún gbọ́ ni. Àmọ́ ẹ wo déètì, bí mo ṣe máa ń pariwo ẹ̀ ní kíláàsì. Ọjọ́ 13 oṣù kan náà ni BCCI, àjọ tó ń darí kríkẹ́ẹ̀tì ní Íńdíà, ti kéde líìgì yìí. Ìdíje ọ̀hún ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ni. Ọmọ kì í ṣáájú ìyá ẹ̀ dáyé, nítorí náà a ní láti wá ìyá mìíràn fún un.

Fún ẹ̀yin tí kríkẹ́ẹ̀tì ò ju ohun táwọn ọmọ King's College ń gbá l'Ékòó lọ: Test, tó jẹ́ àgbà nínú wọn, máa ń gba ọjọ́ márùn-ún. Ní 2003 làwọn ará England gbé Twenty20 jáde, over ogún fún ikọ̀ kọ̀ọ̀kan, ìyẹn bọ́ọ̀lù ọgọ́fà, kí èèyàn lè ti ibi iṣẹ́ dé, kó wò ó tán kó tó sùn. Àwọn alágbára kríkẹ́ẹ̀tì ní Íńdíà yínmú sí i. Kí ìdíje 2007 yẹn tó bẹ̀rẹ̀, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni ikọ̀ orílẹ̀-èdè wọn tíì gbá irú ẹ̀ rí, Tendulkar, Dravid àti Ganguly ò sì bá wọn lọ.

Kí ló wá yí wọn lérò padà? Ìbẹ̀rù ni. Subhash Chandra, tó ni tẹlifíṣọ̀n Zee, ti fẹ́ ra ẹ̀tọ́ láti máa gbé eré Íńdíà sáfẹ́fẹ́, kò rí i gbà. Ẹni tí wọn ò fún láyè nínú ọjà, á pàtẹ síwájú ilé ara ẹ̀. Ní 2007 ó dá Indian Cricket League (ICL) sílẹ̀, ó fi Kapil Dev, ẹni tó ṣíwájú Íńdíà gba ife àgbáyé ní 1983, ṣe olórí, ó sì kó Brian Lara àti Inzamam-ul-Haq mọ́ ọn. Irú ẹ̀ ti ṣẹlẹ̀ rí. Ní 1977, Kerry Packer, olówó tẹlifíṣọ̀n ní Australia, fa ọ̀pọ̀ nínú àwọn eléré tó dára jù lágbàáyé kúrò lábẹ́ àjọ ìlú wọn. Kò tó ọdún mẹ́ta tí àjọ Australia fi túúbá, wọ́n gbé ẹ̀tọ́ tẹlifíṣọ̀n lé e lọ́wọ́.

BCCI ò dúró dìgbà tí wọ́n máa túúbá. Wọ́n ti ilẹ̀kùn: ẹni tó bá fọwọ́ síwèé ICL ò ní gbá fún Íńdíà mọ́, kò tiẹ̀ ní gbá fún ìpínlẹ̀ ẹ̀. Wọ́n yọ Kapil Dev pàápàá nípò tó wà ní ilé-ẹ̀kọ́ kríkẹ́ẹ̀tì orílẹ̀-èdè. Lẹ́yìn náà ni wọ́n wo ọjà Chandra, wọ́n ṣe tiwọn tó tóbi jù ú lọ. Lalit Modi, igbákejì ààrẹ àjọ náà, ló wà nídìí ẹ̀. Ní 24 Oṣù Kìíní 2008, wọ́n ta ikọ̀ mẹ́jọ, owó ẹ̀ lé ní mílíọ̀nù 720 dọ́là.

Ní oṣù tó tẹ̀ lé e, wọ́n lu àwọn eléré fúnra wọn ní gbàǹjo. Chennai ra Mahendra Singh Dhoni ní mílíọ̀nù kan àti ààbọ̀ dọ́là. Létí ọmọ Yorùbá, ọ̀rọ̀ yẹn ò dùn. Ní etíkun tiwa, a mọ ohun tí wọ́n ń pè ní títa èèyàn. Àmọ́ ẹ má jẹ́ ká ṣàbòsí. Owó Dhoni, àpò Dhoni ló lọ. Kò jọ ẹrú, kò tiẹ̀ jọ ìwọ̀fà, tí ẹlòmíì ti ná owó kó tó dé oko olówó. Ẹnu láti yan ilé tó máa bá ṣiṣẹ́ ni kò ní.

Ẹni tí mo rò pé ó jìyà ọ̀rọ̀ yìí ni irú Ambati Rayudu. Òun ni kápítéènì ikọ̀ ọ̀dọ́ Íńdíà ní ife àgbáyé 2004. Ó lọ sí ICL ní 2007, kò tíì ju ọmọ ọdún méjìlélógún lọ, ilẹ̀kùn sì tì mọ́ ọn títí di 2009, tí ICL kú tí BCCI wá dárí ji àwọn tó padà wálé. Ẹ̀ṣẹ̀ ẹ̀ ò ju pé ó gbá eré kúkúrú fún olówó tí kì í ṣe ti àjọ, oṣù díẹ̀ kí àjọ fúnra wọn tó sọ ọ́ di ọ̀nà ọlà.

Ìyókù ti di mímọ̀. Ní alẹ́ àkọ́kọ́, 18 Oṣù Kẹrin 2008, Brendon McCullum gba run 158 ní Bangalore. Rajasthan, ikọ̀ tí owó ẹ̀ kéré jù, ló gba ife lábẹ́ Shane Warne. BCCI lé Modi sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan ní 2010. Ní 2015 wọ́n fòfin de Chennai àti Rajasthan fún ọdún méjì nítorí ọ̀rọ̀ tẹ́tẹ́. Ẹ̀tọ́ láti gbé e sáfẹ́fẹ́ láti 2023 dé 2027 lé ní bílíọ̀nù mẹ́fà dọ́là.

Ilẹ̀kùn yẹn ṣì wà níbẹ̀ o. Sohail Tanvir, ọmọ Pakistan, ló gba wicket jù ní ọdún àkọ́kọ́, 22. Lẹ́yìn tí wọ́n kọlu Mumbai ní Oṣù Kọkànlá 2008, kò sáyè fáwọn ará ìlú ẹ̀ mọ́. Ní gbàǹjo 2010, mọ́kànlá nínú wọn wà lórí àtẹ, ẹnì kankan ò dá owó lé wọn. Àwọn ọkùnrin Íńdíà tó ṣì ń gbá fún àjọ náà, BCCI ò jẹ́ kí wọ́n gbá ní líìgì ilẹ̀ òkèèrè. Rayudu padà wọlé ní 2010, ó gba ife mẹ́ta pẹ̀lú Mumbai, mẹ́ta pẹ̀lú Chennai. Ní 2023, lẹ́yìn ẹ̀kẹfà, ó fẹ̀yìn tì. Ìgbà yẹn ló tó lọ gbá líìgì àwọn ará Caribbean.