Ẹyin Lohùn: Ìtọ́jú Ohùn Ìpàdé Ẹgbẹ́ Akọrin tó Wà Lórí Téèpù ní Ìbàdàn

Ìfáàrà

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ẹyin lohùn. Bó bá balẹ̀, fífọ́ ló ń fọ́. Ẹni tó ń sọ̀rọ̀ ni òwe yìí ń kìlọ̀ fún, àmọ́ ó bá ohùn orí téèpù mu pẹ̀lú. Láti ìgbà tí ilé-iṣẹ́ Philips ti gbé kásẹ́ẹ̀tì jáde ní 1963 ni ẹ̀rọ agbohùnsílẹ̀ ti ń di ohun tí apá ẹgbẹ́ akọrin inú ìjọ lè ká. Yàtọ̀ sí ìsìn Ọjọ́ Àìkú, ó tún ṣeé ṣe láti gba ohùn ìpàdé àti ìdánrawò sílẹ̀. Iṣẹ́ yìí jiyàn pé ẹ̀rí ìtàn ni irú téèpù bẹ́ẹ̀, àti pé kò sí ìwé orin tó lè rọ́pò rẹ̀.

Ohun tí ìwé orin kò lè sọ

Ìjọ CMS fẹsẹ̀ múlẹ̀ ní Ìbàdàn nígbà tí David Hinderer àti Anna, aya rẹ̀, wá tẹ̀dó sí Kúdẹtì ní 1853. Ọ̀rọ̀ Yorùbá ni àwọn ọmọ ìjọ ń kọ lórin, ṣùgbọ́n ilẹ̀ Yúróòpù ni ohùn orin náà ti wá. Ibẹ̀ ni ìṣòro ti bẹ̀rẹ̀, nítorí èdè olóhùn ni Yorùbá. Bí ohùn orin bá wálẹ̀ níbi tó yẹ kó gòkè, “ìlú” a di “ìlù”. Bó bá gòkè níbi tó yẹ kó wálẹ̀, “ọkọ̀” a di “ọkọ́”. Ẹni-ọ̀wọ̀ J. J. Ransome-Kuti (1855–1930) ti Abẹ́òkúta fi ohùn orin ìbílẹ̀ kọ orin ìsìn. Ekundayo Phillips, tó tẹ dùùrù ní Kàtídírà Christ ní Èkó láti 1914 sí 1962, ṣàlàyé bí ọ̀rọ̀ àti ohùn orin ṣe gbọ́dọ̀ bára mu nínú ìwé rẹ̀, Yoruba Music, tó jáde ní 1953.

Bó ṣe yẹ kí orin rí ni Phillips kọ sílẹ̀. Bí ìjọ ṣe ń kọ ọ́ gan-an jẹ́ ọ̀rọ̀ mìíràn. Ìwé orin a máa gbé ọ̀rọ̀ kalẹ̀, dò-rè-mí a sì máa tọ́ka sí ohùn, ṣùgbọ́n kò sí èyí tó fi hàn nínú méjèèjì ibi tí ìjọ ti rọra tẹ ohùn náà kí ọ̀rọ̀ lè yéni, tàbí ibi tí wọ́n ti fà á gùn kí àtẹ́wọ́ lè wọlé. Etí nìkan ló lè jẹ́rìí sí ìyẹn.

Láti inú àwo dé orí téèpù

Ní 1922, Ransome-Kuti kọ orin tó lé ní 40 sínú àwo fún Zonophone ní London. Àwo wọ̀nyí ṣeyebíye, ṣùgbọ́n ojú kan àwo ayé ìgbà náà kò gbà ju nǹkan bí ìṣẹ́jú mẹ́ta sí mẹ́rin lọ. Orin tí a ti kọ́ parí, tí a sì gé mọ níwọ̀n, ló wà níbẹ̀. Téèpù ìpàdé lè gùn tó wákàtí kan. Ó lè gba ohùn olùkọ́ tó dá akọrin dúró láàárín ẹsẹ tó ní kí wọ́n tún un kọ, àdúrà ìbẹ̀rẹ̀, àti àríyànjiyàn lórí orin ọjọ́ Ìkórè. Onítàn tó fẹ́ mọ bí orin ṣe ń kúrò lẹ́nu ẹnì kan bọ́ sí ẹnu ẹlòmíràn, ibẹ̀ ni yóò ti gbọ́ ọ.

Ìbàdàn kì í ṣe àjèjì sí iṣẹ́ ohùn. Asọ̀rọ̀mágbèsì oníwáyà ti dé ìlú náà láti 1939, ilé-iṣẹ́ Radio Nigeria sì wà ní Dùgbẹ̀. Ní 1962, Yunifásítì Ìbàdàn, tó dojú kọ Àgbowó, dá Institute of African Studies sílẹ̀, níbi tí Fẹlá Ṣówándé ti ṣe ìwádìí lórí orin Yorùbá ní àwọn ọdún 1960.

Ohun tó ń pa téèpù

Ike pẹlẹbẹ ni téèpù. Àlẹ̀mọ́ kan ló so ìyẹ̀fun irin tó gbé ohùn mọ́ ọn lára. Bí ọ̀rinrin bá wọ̀ ọ́, àlẹ̀mọ́ náà a rọ̀, a máa lẹ̀ mọ́ ẹ̀rọ, ohùn a sì bó. Èyí tí a fi acetate ṣe a máa rùn bí ọtí kíkan, a sì máa sún kì. Eruku ọyẹ́ náà a máa ha á. Ènìyàn tún ń pa á: BBC pàápàá pa ọ̀pọ̀ téèpù rẹ́ kí wọ́n lè tún un lò. Ní 2019, UNESCO àti IASA, ẹgbẹ́ àwọn olùtọ́jú ohùn lágbàáyé, kìlọ̀ pé bó bá fi máa di 2025, ẹ̀rọ tí a fi ń gbọ́ téèpù lè di àwátì.

Bí a ṣe lè gba ohùn náà là

Téèpù tó ti gbó lè má dún ju ẹ̀ẹ̀kan lọ, nítorí náà kò yẹ kí a fi dánra wò. A ó nu ẹ̀rọ mọ́, a ó wá ìwọ̀n eré tó yẹ ẹ́, a ó sì gbà á sínú kọ̀ǹpútà ní WAV, bít 24 àti 96 kHz, gẹ́gẹ́ bí IASA ti dámọ̀ràn. MP3 a máa ju apá kan ohùn nù. Téèpù wákàtí kan yóò gba wákàtí kan; kò sí ọ̀nà àbùjá tó dára. Lẹ́yìn èyí, ẹ̀dà mẹ́ta ó kéré tán gbọ́dọ̀ wà, kí wọ́n má ṣe wà lábẹ́ òrùlé kan.

Ọ̀rọ̀ àṣẹ tún wà níbẹ̀. Ẹni tó dárúkọ àìsàn rẹ̀ nínú àdúrà ìpàdé kò rò pé gbogbo ayé yóò gbọ́ ọ. A lè tọ́jú téèpù náà lódindi, kí a sì ti irú apá bẹ́ẹ̀ mọ́lé títí tí ẹgbẹ́ tàbí ẹbí yóò fi yọ̀ǹda rẹ̀.

Ìgúnlẹ̀

Ìyẹ̀fun irin lè dúró di ọdún mìíràn. Ẹni tó mọ ẹni tó ń lé orin lè má dúró. Ohùn tí a kò mọ olóhùn rẹ̀, tí a kò mọ ọjọ́ rẹ̀, kò lè jẹ́rìí tó bó ṣe yẹ. Nítorí náà, orúkọ ló yẹ kó ṣáájú owó ẹ̀rọ: kí ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan kọ ohun tí àwọn àgbà rẹ̀ mọ̀ nípa téèpù kọ̀ọ̀kan sílẹ̀, nígbà tí wọ́n ṣì wà láti sọ ọ́.