Ààbò lọ́wọ́ Oòrùn ní Etíkun Ìbẹ̀jú-Lẹ́kí: Láti Orí Akẹtẹ̀ dé Orí Ìpara

Ìbẹ̀jú-Lẹ́kí, ní Ìpínlẹ̀ Èkó, wà láàárín omi méjì. Ọ̀sà wà níhà àríwá rẹ̀, òkun Àtìláńtíìkì sì wà níhà gúúsù. Láti Èlékọ́ dé Orímẹdú, iyanrìn ni ilẹ̀ etíkun, iyanrìn tó ń gba ìmọ́lẹ̀ tó sì tún ń dá a padà sójú ẹni. Ibẹ̀ kò jìnnà sí agbedeméjì ayé rárá. Ìdí nìyí tí oòrùn fi máa ń dúró ṣánṣán lókè orí lẹ́ẹ̀mejì lọ́dún, ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kẹrin àti ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kẹsàn-án, tí òjìji èèyàn á kó sábẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀ lọ́sàn-án gangan. Òjò àti ìkùukùu lè bo ojú ọ̀run, síbẹ̀ ìkùukùu kì í dí gbogbo ìtànṣán lọ́nà.

Àwọn àgbà ti ń wá nǹkan ṣe sí oòrùn yìí tipẹ́. Ìdájí ni àgbẹ̀ ń lọ sóko, bí oòrùn bá sì ti ń mú, á bọ́ sábẹ́ igi tàbí sínú ahéré. Apẹja tó lọ da àwọ̀n sókun kò ní igi tó lè sá sí. Akẹtẹ̀ ni tirẹ̀, akẹtẹ̀ etí gbòòrò tí òjìji rẹ̀ bo imú, etí àti ẹ̀yìn ọrùn, àwọn ibi tí oòrùn máa ń bà jẹ́ jù lọ lára èèyàn. Ní ti ìpara, òrí ń ti ilẹ̀ ọ̀dàn wá, láti ìhà Ṣakí àti Ìgbòho, nítorí igi rẹ̀ kì í hù létíkun. Àdín àti òróró àgbọn ni ará etíkun ní nítòsí. Ó yẹ ká sọ òótọ́ nípa wọn: wọ́n ń mú awọ ara rọ̀, wọn kì í jẹ́ kó gbẹ kó sì sán, àmọ́ ìwọ̀nba díẹ̀ ni wọ́n lè dá dúró nínú ìtànṣán oòrùn. Ẹni tó fi òrí para tó wá dúró sínú oòrùn ọ̀sán kò tíì bo ara rẹ̀. Aṣọ, akẹtẹ̀ àti òjìji ló ń ṣe iṣẹ́ náà láyé ọjọ́un.

Àwọn òyìnbó àtijọ́ tó gba etíkun wọ̀lú náà mọ̀ bẹ́ẹ̀. Nígbà tí Richard Lander àti John àbúrò rẹ̀ gúnlẹ̀ sí Àgbádárìgì ní oṣù kẹta ọdún 1830, nígbà tí wọ́n ń wá ibi tí odò Ọya ti wọ òkun, wọ́n dé akẹtẹ̀ koríko tí àwọn fúnra wọn sọ pé ó tóbi ju agboòrùn lọ, wọ́n sì wọ ẹ̀wù pupa fẹ̀rẹ̀gẹ̀dẹ̀ lé ṣòkòtò ńlá. Àwọn ará ìlú fi wọ́n rẹ́rìn-ín. Mo lérò pé akẹtẹ̀ yẹn bọ́gbọ́n mu ju ohun tí àwọn aṣojú ìjọba amúnisìn gbà gbọ́ lẹ́yìn wọn lọ. Àwọn yẹn rò pé ìtànṣán oòrùn ilẹ̀ wa ń gba agbárí àti ọ̀pá ẹ̀yìn wọlé lọ ba ọpọlọ jẹ́. Wọ́n ń dé akẹtẹ̀ líle, àwọn mìíràn sì ń so aṣọ nínípọn mọ́ ẹ̀yìn. Ìgbà Ogun Àgbáyé Kejì ni ìgbàgbọ́ yẹn tó lọ sílẹ̀.

Bẹ́ẹ̀ sì rèé, ìmọ̀ tó tọ́ ti wà nílẹ̀. Ní 1801, Johann Wilhelm Ritter rí i ní ìlú Jena, ní Jámánì, pé oòrùn ní ìtànṣán kan tí ojú kò lè rí, èyí tí à ń pè ní ultraviolet lónìí. Ní nǹkan bí ogún ọdún lẹ́yìn náà, dókítà ará Lọ́ńdọ̀nù kan, Everard Home, na ẹ̀yìn ọwọ́ ara rẹ̀ sóòrùn, ó léròrò. Ó tún nà án, ó fi aṣọ dúdú bò ó. Abẹ́ aṣọ náà gbóná ju ti àkọ́kọ́ lọ, síbẹ̀ kò jóná. Ó rí i pẹ̀lú pé oòrùn kan náà kò ṣe ọwọ́ èèyàn dúdú ní nǹkan kan. Ní 1889, Erik Widmark ní Sweden fi hàn pé ultraviolet ló ń jó awọ, kì í ṣe ooru. Ọdún méjì lẹ́yìn náà, dókítà kan tó ń jẹ́ Hammer ní Jámánì dábàá pé kí wọ́n fi kuníìnì pa ara láti dènà rẹ̀, kuníìnì kan náà tí a mọ̀ sí oògùn ibà.

Mẹ́lánínì, ohun tó ń mú awọ ara dúdú, ló gba ọwọ́ èèyàn dúdú là. Ìwádìí kan ní Amẹ́ríkà ní 1979 fi hàn pé ààbò tí awọ dúdú ń ṣe fúnra rẹ̀ tó nǹkan bí ìlọ́po mẹ́tàlá, nígbà tí ti awọ funfun jẹ́ nǹkan bí mẹ́ta. Èèyàn dúdú náà lè jóná bó bá pẹ́ lóòrùn, ara á ta á, awọ á sì bó. Ṣùgbọ́n nínú ìran wa, àfín ló ń ru ẹrù yìí jù, nítorí awọ rẹ̀ kò ní mẹ́lánínì tó.

Ilẹ̀ Yorùbá ka àfín sí ẹni òrìṣà, ẹni Ọbàtálá. Wọ́n tún sọ pé àfín kì í jẹ iyọ̀. Bí àmì dúdúdúdú bá bo ojú rẹ̀, bí ètè rẹ̀ bá là, bí egbò kan bá yọ létí tó kọ̀ tí kò jinná, wọ́n á ní ó ti jẹ iyọ̀. Ìrora púpọ̀ ni ọ̀rọ̀ yìí dá sílẹ̀, torí ó ń dá ẹlẹ́gbò lẹ́bi, ó sì ń jẹ́ kí òbí máa ṣọ́ ìkòkò ọbẹ̀ nígbà tí ọmọ ń ṣeré níta láìdé nǹkan kan. Oòrùn ló ń ṣe gbogbo rẹ̀. Dókítà A. N. Okoro, onímọ̀ awọ ara, gbé ìwádìí rẹ̀ lórí àwọn àfín Nàìjíríà jáde ní 1975: nínú àwọn tó ti kọjá ogún ọdún, kò rí ẹni tí awọ ara rẹ̀ kò tíì ní àrùn jẹjẹrẹ tàbí àmì ohun tó lè dà á. Ogún ọdún! Ọjọ́ orí tí ọmọ ẹlòmíràn ń wọ yunifásítì.

Ó pẹ́ kí ìlú tó dìde sí i. Jake Epelle dá The Albino Foundation sílẹ̀ ní 2006. Ìjọba àpapọ̀ ṣe ìlànà lórí ọ̀rọ̀ àfín ní 2012. Ní 2015, Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé yan ọmọ Nàìjíríà, agbẹjọ́rò Ikponwosa Ero, gẹ́gẹ́ bí onímọ̀ àkọ́kọ́ tó ń bójú tó ẹ̀tọ́ àwọn àfín ní àgbáyé, ọdún yẹn náà ni wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe àyájọ́ wọn ní June 13.

Ìpara fúnra rẹ̀, àwọn tó ń lọ gbafẹ́ ni wọ́n kọ́kọ́ ṣe é fún. Franz Greiter, ọmọ Austria tí oòrùn jó lórí òkè Piz Buin ní 1938, gbé tirẹ̀ jáde ní 1946, òun náà ló sì mú SPF, òǹkà tó ń sọ bí ààbò ìpara ṣe lágbára tó, gbajúmọ̀ ní 1974. SPF 30 ń dá nǹkan bí ìdá mẹ́tàdínlọ́gọ́rùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún ìtànṣán tó ń jó awọ dúró, bí a bá pa á dáadáa tí a sì ń tún un pa ní wákàtí méjì-méjì. Lọ́dọ̀ wa, ó ṣì wà láàárín ohun ọ̀ṣọ́ tó ti òkè òkun wá, owó rẹ̀ sì ju agbára ìyá àfín tó ń yan ẹja lọ. Ní Moshi, ní Tanzania, wọ́n ń ṣe Kilisun fún àfín, wọ́n sì ń pín in fún wọn. Nàìjíríà lágbára láti ṣe bẹ́ẹ̀, ó sì yẹ kó ti ṣe é.

Ìbẹ̀jú-Lẹ́kí ti yí padà. Èbúté ńlá bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ níbẹ̀ ní 2023, ilé ìfọpo Dangote sì bẹ̀rẹ̀ tirẹ̀ ní 2024, ọ̀pọ̀ èèyàn ló sì ń da kọnkéré, tó ń tò bíríkì láti òwúrọ̀ dalẹ́. Akoto tí wọ́n dé kò bo etí àti ọrùn. Àwọn tó ń bóra náà wà nínú ewu, torí hydroquinone inú ìpara ìbóra ń dín mẹ́lánínì kù.

Bí oòrùn bá ti jó èèyàn, kó wá òjìji, kó máa da omi tútù sí ibẹ̀, kì í ṣe yìnyín. Kó mu omi dáadáa. Parasitamọ́ọ̀lù á dẹ ìrora, calamine á dẹ yíyún. Kó má bẹ́ ìléròrò tó bá sú, kó má sì fi òrí tàbí àdín bo ojú ibi tó ṣì ń gbóná. Bí ibà, èébì tàbí òòyì bá tẹ̀ lé e, tàbí tó bá jẹ́ ọmọ ọwọ́, ilé-ìwòsàn ni.

Egbò tó lé lóṣù kan láìjinná lójú, létí tàbí létè àfín kì í ṣe ti àgbo. Kó lọ sí ọsibítù ìjọba ní Akòdò, kí wọ́n lè kọ̀wé fún un lọ sọ́dọ̀ onímọ̀ awọ ara ní ọsibítù LUTH ní Ìdí-Àràbà. Nígbà tí irú egbò bẹ́ẹ̀ bá ṣì kéré, wọ́n lè gún ojú ibẹ̀ ní abẹ́rẹ́ tí kò ní jẹ́ kó dùn ún, kí wọ́n gé egbò náà kúrò, kí aláìsàn sì darí sílé lọ́jọ́ kan náà.